Etí Tó Gbọ́ Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Gbọ́ Ìyàwó

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò sí ẹ̀rọ ìlọta kan ní Ọ̀yọ́ tí ọwọ́ mi kò kàn rí. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé yanjú a máa dúró wòran mi. Màá fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, màá fi ìdí onígi rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi, màá dijú. Kí o tó ka ení, èjì, mo ti mọ irin tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi jókòó ti ariwo wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé irú etí mi, wọn ò bí i mọ́.

Ìyàwó mi ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Igbó. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wọkọ̀ lọ bá a. Lọ́dún náà, ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo ti kórìíra rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni òun àti ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, màá rí ẹnu ìyàwó mi tó ń lọ, tí ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹ̀yìn wọn, kùn-ùn kùn-ùn lásán ni mò ń gbọ́. Ti ọkùnrin náà tilẹ̀ ń yé mi díẹ̀. Ti ìyàwó mi ni ó dà bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó.

Nílé, bó bá kọjú sí ìkòkò tó kẹ̀yìn sí mi, màá ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ wá jẹun, baba wọn."

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni? Ò ń rí ohùn bá onírédíò ṣeré."

Á wò mí, á tún kọjú sí ìkòkò. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi.

Ó tún ní mò ń yí rédíò sókè jù, pé ará ilé kejì ń gbọ́ ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rédíò ló ti gbó. Ó bá gbé e fún ọkùnrin náà, ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe rédíò. Mo ní kò mọṣẹ́ ni.

Inú mi kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo wọkọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àpò gààrí, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wọn. Ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ọkùnrin náà ń mi orí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti di ẹ̀ṣẹ́.

Àfi bí ìyá arúgbó tó ń ta ọsàn ní òdìkejì títì ṣe lọgun sí wọn: "Tèmi kọ́ o, ìyá elábọ́! Adìẹ tèmi dúdú ni! Ẹ wá adìẹ ẹlòmíràn tó yé ẹyin sínú abọ́ yín!"

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀. Mo wo ibi tí ìyá náà jókòó sí. Ó jìnnà jù mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo pè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi nìkan ni n kò gbọ́. Ẹ̀ṣẹ́ mi tú fúnra rẹ̀.

Ìyàwó mi rí mi. Ó wá dúró síwájú mi gan-an. "Ẹ kú ìrìn o. Òní kọ́ ni Sátidé."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Kò bi mí pé kí ni. "Ó ti pẹ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀ ń bá mi jà."

Nígbà tí mo padà sí Ọ̀yọ́, mo dúró ti ẹ́ńjìnnì kan láìmú sukudiráfà. Ìró tíńtín tí irin máa ń dún, tí mo fi ń yangàn, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mú sukudiráfà, mo fi igi rẹ̀ ti egungun, ó dé. Egungun ló ti ń bá mi bo àṣírí etí.

Ìlara kò kúrò nínú mi. Ohùn jẹ́jẹ́ tí mo torí rẹ̀ fẹ́ obìnrin yìí, onírédíò ló ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi ni wọ́n ń pariwo fún bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, mo ní kó fi àgbọ̀n rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi, kó sọ̀rọ̀.

"Níbí? Níṣojú ọjà?"

"Níbí gan-an."

Ó tẹrí ba, ó sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ wọlé. N kò ní sọ ohun tó wí. Onírédíò ń wò wá, ó na ọrùn bí ògòǹgò, kò sì gbọ́ ẹyọ kan.