Màálù Ìyá Kúdí Kì í Ṣe Àgàn

Ní Akébé, àdúgbò tí mò ń gbé, Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ tí kò bá tètè sùn, ìyá ẹ̀ á ní òun á ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀jẹ̀ màálù ni mo ń gbà fún àyẹ̀wò o, kì í ṣe ti ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kúdí tó ń ta wàrà ládùúgbò wa sunkún wọ làbó tí mo ti ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹran ní Plaine Orety.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Alàájì ti pe alápatà sí Àbẹ̀kẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ ni màálù kan ṣoṣo tí Ìyá Kúdí ń fún wàrà ẹ̀ tà. Akọ màálù Alàájì, ọkọ Ìyá Kúdí, ti gùn ún títí, kò lóyún. Bí màálù ò bá sì bí mọ́, wàrà ẹ̀ á gbẹ ni.

Mo wọ takisí lọ sí oko wọn lẹ́yìn ìlú. Alàájì ń fọ ara akọ màálù ọ̀hún, tó sọ ní Patron, ìyẹn Ọ̀gá, bí ẹni ń fọ mọ́tò tuntun.

"Àgàn ni Àbẹ̀kẹ́," ó ní. "Mádàámú, ẹ wo Patron. Ṣé èyí jọ ẹni tí kò lè bímọ?"

"Alàájì, ẹwà kọ́ ló ń fúnni lóyún."

Mo gbé ìrù Àbẹ̀kẹ́ sókè, mo fọwọ́ wá iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀, mo ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo fa ẹ̀jẹ̀. Ó yàgbẹ́ sí mi lápá. Ó ti mọ́ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú ìgò, omi aláwọ̀ ìyeyè á yọ sókè. Inú omi yẹn la ti ń wá àwọn purotéènì, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ilé ọmọ bá ní egbò, irú kan á pọ̀ sí i. Bí oúnjẹ ò bá tó màálù, òmíràn á dín kù. Ibẹ̀ la ti ń fojú díwọ̀n bóyá ó máa tètè lóyún. A kì í búra sí i, àmọ́ ó sàn ju ká máa méfò lọ.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, kò sí nǹkan kan tó ṣe Àbẹ̀kẹ́. Mo padà sóko, mo ní kí wọ́n fún un ní akọ mìíràn.

Inú bí Alàájì. "Ṣé ẹ ń bú mi ni?"

"Patron ni mò ń sọ. Àbí ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀?"

Ìyá Kúdí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Alàájì rí i, ló bá gbà, kó má baà di pé òun ń gbèjà màálù. Wọ́n yá akọ aládùúgbò kan, oníwo kan, tó rù hangogo. Òun ló fún Àbẹ̀kẹ́ lóyún. Alápatà náà ò sì wá lásán, Patron ló fà lọ.

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ bí, Ìyá Kúdí gbé wàrà wá fún mi ní làbó. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́, ó dá mi dúró.

"Àǹtí, kí n tó fẹ́ Alàájì, mo ti ní ọkọ kan ní Ṣakí. Wọ́n ní àgàn ni mí, wọ́n kó ẹrù mi síta. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ yẹ ọkùnrin yẹn wò."

Kúdí àti àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́ta ń sáré kiri nílé Alàájì báyìí. Mo fa àga fún un, mo bu wàrà náà sí ife méjì, a jọ mu ún.