Páálí Aláwòrán Ewé

Nọ́ọ̀sì sọ fún Ọ̀gá Oníyíǹkì pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé bí kò bá jáwọ́ nínú búrẹ́dì funfun àti jáàmù tó ń jẹ láràárọ̀, ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a lọ. Baba náà rẹ́rìn-ín. Ojú kẹ̀? Ojú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà nílé ìtẹ̀wé tí wọ́n ti ń tẹ páálí, òun ló sì ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ wò. Bí àwọ̀ pupa bá fi bí ìbú irun orí yà kúrò lára dúdú, á ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé nǹkan ti ń ṣú lójú rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó ní oorun ló ń kun òun, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ìyàwó rẹ̀ ra óòtì, ọkà òyìnbó tí wọ́n ń sè bí ògì, ó sè é láìfi nǹkan kan sí i. Ọ̀gá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ìyá wọn, ṣé káfíńtà lo fẹ́ ni, tó o fi ń se ìyẹ̀fun pákó fún mi?”

“Káfíńtà ì bá sàn, ì bá ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ lọ ra èyí tó bá wù yín.”

Ó lọ lóòótọ́. Ọkà inú páálí tí wọ́n ń da mílíìkì sí jẹ láàárọ̀ kún pẹpẹ ọjà náà láti òkè délẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ń wo iye tí wọ́n ń tà á, òun ń fi àtàǹpàkò pa igun páálí. Ó rí ọ̀kan tí wọ́n ya ọkàn pupa sí, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàn síra.

“Ta ló tẹ ìdọ̀tí yìí?” ó bi obìnrin tó ń to ọjà.

Obìnrin náà ní òun ò mọ̀, pé òun ń lọ jẹun.

Ibẹ̀ ló ti rí páálí tí ilé ìtẹ̀wé tiwọn tẹ̀: ewé tútù kan, obìnrin kan tó ń sáré, gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. A kì í kúkú fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ra mẹ́ta.

Bí àwo kan bá ń ṣe ara lóore, méjì ńkọ́? Méjì ló ń jẹ láràárọ̀, á sì lá mílíìkì ìdí àwo.

“Oúnjẹ tó ń wo àìsàn kì í dùn báyìí o,” ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ìlara ni.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà sílé ìwòsàn, ó fi páálí há abíyá. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un gún.

“Bàbá, ó ti lọ sókè sí i. Kí lẹ̀ ń jẹ?”

Ọ̀gá fi ìgbéraga gbé páálí ka tábìlì. Nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ wo iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló yí sókè.

“Ọkà, ṣúgà, oyin, ṣúgà mìíràn tó lórúkọ gígùn. Bàbá, súìtì lẹ̀ ń jẹ láàárọ̀! Ẹ ò kà á kẹ́ ẹ tó rà á?”

“Kí n ka kí ni? Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Kò sí ẹyọ kan tó lábùkù!”

“Ó dáa. Ẹ kà á sí mi létí.”

Ó gbà á. Ó mú un sún mọ́ imú, ó nà án jìnnà, ó yíjú sí fèrèsé. Àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà ń rìn bí èèrà. Ó tún nà án jìnnà. Nọ́ọ̀sì ń dúró dè é. Ẹ̀rù wá ba baba náà gidi.

“Ọmọ mi,” ó ní, “mi ò rí i.”

“Látìgbà wo?”

“Ó ti tó oṣù márùn-ún.”

“Ta ló wá ń bá wọn yẹ páálí wò níbi iṣẹ́?”

Ó rọra gbé páálí náà padà sórí tábìlì.

“Èmi náà ni.”