Ìbọn Tí Màmá Hulda Bá Yàn Fún Ẹ

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn bàbá Texas yẹn nílùú wa ní Alaska níbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí kì í sú mi. Royce lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ga, ó sanra, fìlà ẹ̀ nìkan tó ṣíji bo èèyàn méjì. Ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lórí òkè wa fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ló bá yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògbé Màmá Hulda Tangvik láti ra ìbọn ìléwọ́ nítorí béárì.

"Màmá, èyí tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ fún mi."

"Ṣé béárì lo fẹ́ fi dá dúró ni, àbí ọkọ̀ ojú omi?"

"Màmá, láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń yìnbọn."

"Ó dáa. Bọ́ síta."

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lókè pátápátá ni Màmá Hulda so ọmọlanke kan mọ́, awọ béárì àtijọ́ ló sì dì mọ́ ọn, tòun ti orí àti eyín. Ó yọ gbogbo ọta inú ìbọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Royce múra bó ṣe máa múra ìrìn àjò. Royce so ìbọn mọ́ ìbàdí. Ó gbé báàgì tí màmá ti di oúnjẹ ajá kún kọ́ ẹ̀yìn, ó wá fa bẹ́líìtì báàgì náà, ó dì í pinpin lé ìbọn lórí. Màmá rí i. Ó kàn tú okùn ọmọlanke sílẹ̀ ni.

Béárì ń bọ̀. Royce na ọwọ́ sí ìbàdí, bẹ́líìtì ló bá. Ó fa jákẹ́ẹ̀tì sókè, ó wá ìbọn lọ́tùn-ún, ó wá a lósì, ó ń yí bí ẹni tí eèrà wọ ṣòkòtò ẹ̀. Kó tó mọ ibi tó wà, béárì ti gbé e ṣubú, fìlà ti fò lọ. Màmá Hulda wo aago ọwọ́ ẹ̀. "Ó ti jẹ ẹ́ tán," ló wí. "Ó ti ń wá omi mu báyìí."

Royce ra ìbọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ìdajì èyí tó kọ́kọ́ fẹ́, pẹ̀lú àkọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ àyà, níbi tí bẹ́líìtì báàgì ò lè dé. Ó lọ, ó bọ̀ láyọ̀. Fún ọdún mọ́kànlá ló fi ń fi kéèkì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí màmá. Ọdọọdún ni màmá ń sọ pé kò dùn, á sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹ má rò pé ó kàn fẹ́ràn àtimáa fi èèyàn ṣẹ̀sín o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró nídìí káńtà yẹn, kò sì sí ẹnì kan tó yan ìbọn fún tí kò padà wálé láàyè. Ohun tó ń mú un yangàn nìyẹn. Pásítọ̀ wa ní kó máa fi ògo fún Ọlọ́run. "Mò ń fún un," ni màmá dáhùn. "Òun ló ń ṣọ́ wọn. Èmi ni mò ń bá a yan ìbọn."

Ọmọkùnrin kan tún wá láti Seattle tó ti ka gbogbo nǹkan tán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọta ṣe ń sáré sí, bó ṣe wúwo sí, ó ń dà á sílẹ̀ bí ẹni ń ṣèdánwò. Màmá yọ ìbọ̀wọ́ méjì jáde látinú báàkẹ́ẹ̀tì omi tútù, ó ní kó wọ̀ wọ́n, torí òjò kì í fi òkè wa sílẹ̀. Ó gbé ìbọn òfìfo lé e lọ́wọ́. Ìbọn yọ̀, ó já sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú omi. "Ṣé béárì náà ti ka ohun tó o kà yẹn?"

Ọ̀rọ̀ Teresita nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyangàn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Teresita nílé ìwòsàn wa, ọmọ ẹ̀ ò tíì pé ọdún méjì. Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ẹja lódìkejì òkè, ló bá fi ọmọ ti ìyá ẹ̀, ó fẹ́ fẹsẹ̀ lọ kí ọkọ, kó padà lọ́jọ́ karùn-ún.

"Ọkọ mi ní ńlá ni kí n rà, Màmá."

"Ṣé òun ló máa bá ẹ yìn ín?"

Wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń dánrawò. Ìgbàkígbà tí Teresita bá fẹ́ yin ìbọn ńlá yẹn, á ti dijú kó tó dún. Màmá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìbọn tó bá ń mú ẹ dijú, béárì ló ń bá ṣiṣẹ́." Ó fún un ní kékeré kan. Ọta mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wọ inú àwo bébà tí wọ́n fi ṣe àmì. Ìyẹn ló tà fún un, ó fi agolo ata tí wọ́n ń fín sójú béárì kún un.

Clyde, ọdẹ àgbà tó máa ń jókòó yáná nídìí sítóòfù ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi orí. "Hulda, ohun ìṣeré lo fún ọmọ yẹn. Tí ò bá padà, ọrùn ẹ ló wà o."

"Mo mọ̀," ni màmá wí.

Ọjọ́ karùn-ún kọjá. Ọjọ́ kẹfà, òjò ò dá. Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí òkè. Àwọn oníbàárà wá, ó tajà fún wọn, kò bú ẹnì kankan. Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù tó bà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ keje, Teresita yọ, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún.

"Ọjọ́ méjì lo fi pẹ́."

"Odò ló kún, Màmá. Mo ń dúró kó fà."

"Béárì ńkọ́?"

"Abiamọ kan, tòun tọmọ méjì. Kò jìnnà sí mi ju ojú títì tó wà níwájú yín yìí lọ. Mo ti fa ìbọn yọ, ṣùgbọ́n mi ò dijú. Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń ṣọ́, kò fẹ́ wá bá mi. Mo wá ń fẹ̀yìn rìn, mo ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní èmi náà lọ́mọ nílé."

Màmá Hulda gba ìbọn náà, ó ṣí i, ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé síbẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ imú Clyde. "Ohun ìṣeré," ló wí. Clyde ń wo bàtà ara ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn Teresita, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ara ẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Clyde dìde pé kóun bá a gbé e. "Jókòó síbẹ̀," ni màmá wí. Àárín títì gan-an ló gbà nínú òjò yẹn, díẹ̀díẹ̀, títí dé ilé tí ọmọ Teresita wà, kí gbogbo wa lè rí i lójú fèrèsé. Ọ̀nà ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó fi ogún ìṣẹ́jú rìn ín. Béèyàn bá rí i lọ́jọ́ náà, á rò pé òun gan-an ló ti òkè dé.