Àlejò Inú Ìkòkò Aró

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ìkòkò aró lọ, ejò kan ń bá wa gbé nínú àgbàlá wa ní Ìtòkú. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì wọlé o. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Aláró, ni wọ́n ni ín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín aláró á ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ láfún la fi ń kọ àrà sára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́, eku kò sì yàtọ̀ sí ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ti di ọ̀rọ̀ láfún. Bó bá ń jẹ ẹ̀kọ náà, á jẹ aṣọ mọ́ ọn. Ọmọ òjòlá tí kò lóró yìí ló gba aṣọ wa lọ́wọ́ eku, ni wọ́n bá fún un ní ìkòkò aró kan tó ti sán kó máa gbé inú rẹ̀. Àlejò ni wọ́n sọ ọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń kọ àrà, kí n sì máa sá aṣọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń jó ni lẹ́sẹ̀. Bí a bá jẹ láfún ọ̀sán tán, tí Ìyá Aláró sì kírun tán, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ọwọ́ sí ẹnu ìkòkò sísán náà. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá, gbogbo àlùwàlá ojoojúmọ́ kò rí i ṣe. Àlejò á yọ orí, á fi ahọ́n tọ́ ìka wọn wò, á rọra gun apá wọn, á sì ká jọ sórí itan wọn bí òṣùká. Wọ́n á máa fi ìka kan pa á lára.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń gbádùn ara rẹ̀," ni wọ́n máa ń wí.

Mo wo ojú ejò náà títí, n kò rí ìgbádùn kankan níbẹ̀. Ejò kì í rẹ́rìn-ín, kì í ju ìrù bí ajá, kì í tilẹ̀ ṣẹ́jú. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ìyá Ràfíù, tí wọ́n ń rẹ aró ní ìkòkò tó tẹ̀ lé tiwa, kò gbà rárá.

"Ìyá, ẹ má tan ara yín. Ooru ara yín ló ń wá. Ejò ò mọ ẹnì kan."

"Ṣé kò sí ààrò nílé yìí ni?" ni Ìyá Aláró á dáhùn. "Bó bá jẹ́ ooru ló ń wá, kí ló dé tí kì í lọ jókòó ti iná? Ó mọ̀ mí."

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o, Ìyá."

"Ta ló sùn?"

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ju bó ti yẹ lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ pọ̀ nílé wa. Bí Ìyá Aláró bá fẹ́ pè mí, wọ́n á kọ́kọ́ pe gbogbo ilé: "Sàkírá! Sìdí! Múí… ìwọ yìí!" Èmi ni ìwọ yìí. Wọn kì í sábà dé orí Rábí tí í ṣe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣi orúkọ Àlejò pè rí. Mo ń jowú ejò, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé kéú dé, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú aró títí dé ìgúnpá, mo jókòó sórí àpótí wọn, mo sì na ọwọ́ sí ẹnu ìkòkò náà. Àlejò yọ orí. Ó tọ́ ìka mi wò, ó gun apá mi, ó sì ká jọ sórí itan mi. Ara rẹ̀ tutù, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ni inú mi bàjẹ́, nítorí ó ti yé mi pé kò mọ Ìyá Aláró rárá. Mo kígbe pè wọ́n.

"Ìyá, aró ló mọ̀! Kò mọ̀ yín!"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé mo ti ọwọ́ ẹlẹ́gbin bọ aró tó ń kan lọ́wọ́. Mo gbé Àlejò sílẹ̀ lẹ́nu ìkòkò rẹ̀, mo kúnlẹ̀, aró ń ro sí mi láyà. Ìyá Ràfíù kò jẹ́ kí ayọ̀ ìṣẹ́gun tutù. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn náà sí Àlejò, ọwọ́ tó dúdú ju tèmi lọ. Àlejò fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀, kò sì yọjú mọ́. Ìyá Aláró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Bó bá jẹ́ aró ló mọ̀, kí ni Ìyá Ràfíù ṣe fún un? Bó bá sì jẹ́ èèyàn ló mọ̀, kí ló ń ṣe lórí itan mi?

Nígbà tí Ìyá Aláró lọ sí Pápálántó lọ tọ́jú àbúrò ìyá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Àlejò kọ oúnjẹ. Eku ń kọjá níwájú rẹ̀, kò mira. Gbogbo wa ní àárò ìyá ló ń sọ ọ́. Ìyá Ràfíù pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìkòkò náà ní "pẹ̀lẹ́" tí wọ́n bá ń kọjá. Ọjọ́ tí Ìyá Aláró dé, kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀, Àlejò ti gbé eku mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ejò tó bá fẹ́ bọ́ awọ kì í fẹ́ jẹun. Ṣé àárò ni, ṣé awọ ni? Àlejò kò dúró dáhùn, ó jáde lójò ọdún kan, a kò sì rí i mọ́. Ìyá Aláró kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ìkòkò náà nù.

Ayé ti yí padà. Èmi náà ń ta àdìrẹ ní Òkè-Ìlèwó báyìí. Aró òyìnbó là ń lò, a ń wọ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ wa mọ́ bí ọwọ́ akọ̀wé. Ọmọbìnrin mi máa ń fi àwọn tó ń sin ejò hàn mí lórí fóònù. Àwọn kan ní ejò mọ olówó rẹ̀, àwọn kan ní ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ kò bà á mọ́ ni. Mo ní kó bá mi wá èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó ní ẹnu wọn kò kò.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìbarà ni Ìyá Aláró wà báyìí. Ìgbàgbé ti gba gbogbo orúkọ lọ́wọ́ wọn, ti Sàkírá pàápàá. Bí mo bá wọlé, wọ́n á wò mí bí ẹni tó yà béèrè ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi àgbà ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ.

Lójò tó kọjá, oníbàárà kan ní ojúlówó àdìrẹ ẹlẹ́kọ lòun fẹ́, ni mo bá padà sí Ìtòkú lọ rẹ ẹ́ sínú aró ewé ẹ̀lú, láìwọ ìbọ̀wọ́. Mo délé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, wọ́n sì di ojú.

"Ìwọ yìí," ni wọ́n wí.

Ṣé èmi ni wọ́n mọ̀ àbí aró? Ṣé wọ́n ń gbádùn rẹ̀, àbí ooru ọwọ́ mi ni? N kò mọ̀, n kò sì rí ẹni bi. Mo ti gbé ìkòkò aró kékeré kan sẹ́yìn ilé. Nígbà èwe mi, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ nítorí pé mo ti ọwọ́ bọ aró. Nísinsìnyí, n kì í wọlé tọ̀ wọ́n láìkọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ ọ́.