Ẹ̀pà Lílọ̀ Màmá Tí Kò Kọjá Ẹnubodè

Yéè! Màmá mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àgbẹ̀ Ayétòrò, ikú mà dá wa lóró o. Ta ni yóò tún fi òórùn ẹ̀pà yíyan jí mi láàárọ̀? Abiyamọ tòótọ́, ọlọ́wọ́ dídùn, ẹ lọ, ilé wa dákẹ́.

Kò sí ará àdúgbò wa tí kò jẹ nínú ẹ̀pà lílọ̀ yín. Inú yanrìn gbígbóná lẹ ti ń yan án, ẹ ó bó o, ẹ ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ẹ ó wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí òróró rẹ̀ yóò fi máa dán. Ẹ ò jẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ẹ ní ta ló fẹ́ jẹ ẹ̀pà tó ń ta lẹ́nu. Ẹ sì mọ bí oníkálukú ṣe ń jẹ ẹ́. Iṣu sísun ni Bàbá wa fi ń jẹ tiwọn, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ìyá Rìsì, aládùúgbò wa, gààrí gbígbẹ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Èmi Bọ́lá, àbígbẹ̀yìn yín, mo ń fi pa àgbàdo sísun lára, ẹ ó ní ọ̀kánjúwà ni mí. Ẹ̀yin fúnra yín, ìka lẹ fi ń lá a, ẹ ó ní ẹ kàn ń tọ́ ọ wò ni. Títọ́ wò tí ìgò yóò fi dé ìdajì!

Àdùkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín, lọ́kọ sí Kétu, lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó pẹ́ kó tó rí oyún. Nígbà tó rí i, ẹ ní ọwọ́ yín ni yóò wẹ ọmọ náà, ẹ ó sì máa po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì gbígbóná fún Àdùkẹ́ kí omi ọmú lè pọ̀, bí ìyá tó bí yín ti ṣe fún yín. Àfi bí ìjọba ṣe ti bodè pa. Ẹ̀gbọ́n mi bímọ tán, wọn ò ṣí i.

Mo tẹ̀lé yín dé Ìlárá, létí bodè, lọ́jọ́ tí ẹ gbé ìgò náà lọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà ní ẹrù kankan ò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ ní oúnjẹ abiyamọ ni. Ẹ jókòó, ẹ ra búrẹ́dì, ẹ fi ẹ̀pà pa á lára, ẹ ní kí wọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n lè gbà yín gbọ́. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá ìka, wọ́n ní Màmá kú iṣẹ́, wọ́n sì ní kí ẹ gbé e padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn ní bí ẹ bá fi ẹrù sílẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Ẹ wò ó, ẹ mirí. Ẹ ní, “Ìyá kì í fọwọ́ lásán wọlé ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Wọn ó ṣí i láìpẹ́.”

A padà sílé. Nígbàkígbà tí rédíò bá ti sọ pé wọ́n fẹ́ ṣí bodè, ẹ ó pín ti àná fún ará ilé, ẹ ó tún yan ẹ̀pà tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ibà lásán wá dá yín gúnlẹ̀, ẹ ò dìde mọ́. Inú ń bí mi sí yín, Màmá. Ta ló bèèrè ẹ̀pà? Ẹ̀yin ni Àdùkẹ́ ń retí.

Ó dé lánàá. Kò gbé nǹkan kan dání, ọmọ nìkan ló pọ̀n, wọn ò sì dá a dúró. Ó gbé ọmọ fún mi, ó ní kí àwọn obìnrin ilé dúró ná, òun ni yóò wẹ̀ yín. Ó rọra ń bu omi sí yín lára, ó ń nu àárín ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún fún àwa méjèèjì. Nígbà tó ṣe tán, ó fẹnu sún mọ́ etí yín.

“Màmá,” ó ní, “mo ti mú ọmọ náà wá.”

Ó tún di ojú àlá, Àbẹ̀kẹ́ wa. Ẹ sùn re o.