Àpò Ọdẹ, Àpò Alárù

Nílé wa, àpò ni a fi ń mọ ọdẹ. Ìbọn kò tó ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè yá ìbọn. Àpò ni kò ṣeé yá. Ti bàbá mi jẹ́ awọ ìgalà, kò sì gbà ju ọ̀bẹ, ẹ̀tù, ìṣáná àti ẹ̀bà díẹ̀ tí ìyá mi fi ewé wé. Abẹ́ apá òsì ló máa ń fi í há sí. Bí ó bá pa ẹran ńlá, yóò fi ewé bò ó mọ́lẹ̀, yóò padà wálé wá pe àwọn tí yóò rù ú. "Ọdẹ ń pa, alárù ń rù," ló máa ń wí. Igbó kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó pọ̀ bí wọ́n bá dé.

Èmi ni ọmọ tó lọ sílé ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá a wọ igbó, wọ́n sì ti pa ẹran ńlá kí irùngbọ̀n wọn tó kún. Èmi pa òkété, mo pa ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ìdílé tiwa, ẹni tí kò bá tíì pa ẹran ńlá, ọmọ ilé ni, kì í ṣe ọdẹ. Lọ́jọ́ tí bàbá bá sì kú, àwọn ọmọ tó jẹ́ ọdẹ nìkan ni yóò gbé àpò rẹ̀ lọ dá padà fún igbó. Àwọn yòókù yóò dúró sílé ti àlejò. Mo mọ èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n mo rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú.

Ìgbà tí mo dé Dublin, kéréènì tí wọ́n fi ń kọ́lé pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Ní Lucan tí a gba ilé sí, ilé ti kún apá kan òpópónà, màlúù ṣì ń jẹ̀ ní apá kejì; kò pẹ́ tí màlúù fi wábi gbà. Mo ríṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Citywest. Ọ̀gá wa níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà, ọmọ ilẹ̀ náà, irun rẹ̀ ti funfun tán, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè iṣẹ́ bàbá mi. Ìgbà tí n ó padà sílé ni àwọn tó kù máa ń bèèrè.

"Ọdẹ ni, sà."

"Ọdẹ wo? Ọdẹ ehoro?"

"Ọdẹ ẹfọ̀n, sà."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Hẹ̀n? Ẹfọ̀n? Ó dáa, má pè mí ní sà mọ́. Mo ní orúkọ."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ la orúkọ mọ́ ẹni tó lè bí mi lórí? Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ọdẹ àgbọ̀nrín ni òun náà, ní òkè Wicklow, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ dàgbà. Ó ní kí n máa bá àwọn lọ. Ó ní bí mo bá fara balẹ̀ mọ òkè náà, òun á bá àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀ fún mi, nítorí láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀ yẹn, ìwé àṣẹ ìbọn kò lè bọ́ sí mi lọ́wọ́. "Tó bá di àsìkò tó ń bọ̀, ìwọ náà á yin tìrẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi lọ bí omi tútù. Bàbá mi ti ń wúkọ́ lórí fóònù nígbà náà, irú ikọ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn parí gbólóhùn. Ẹran ńlá kan péré ni mo ń wá, kó tó lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ òfo ni mo bá wọn lọ. Òkè náà ga, ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ bí tìmùtìmù tí omi wọ̀. A kò tíì gùn ún dé ìdajì tí ọ̀gá mi fi ń mí gùlegùle, báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé yóò ṣe? Mo sáré bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá, sà."

Ó kọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn.

Ọ̀rẹ́ ọ̀gá ní, "A mà ti ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Eré ni mo pè é. Nílé wa, bí ọmọdé bá gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà, àdúrà ni àgbà yóò fi lé e lọ́wọ́: ìwọ náà á rí ẹni gbà ọ́ lẹ́rù. Lórí òkè yẹn, "grand" ni mo gbọ́. Grand ni wọ́n ń pe ohun gbogbo tó bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, látorí tíì gbígbóná dórí òkú tó lọ wẹ́rẹ́. Mo gbà á bí àdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá ní ó tó kí n ní báàgì tèmi. Kí a tó lọ rà á, mo pe bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ìwé fẹ́ ra àpò ọdẹ! Gbọ́. Gbé e sétí, kí o fi èékánná ha á. Èyí tó bá sọ̀rọ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ìsọ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e kọ́, kí o na apá bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Bí ó bá dí apá lọ́wọ́, kì í ṣe tìrẹ."

Ìsọ̀ náà wà láàárín ìgboro, kìkì ẹrù orí òkè ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àsìkò tí owó ń hó bí ọṣẹ ni. Àwọn tí kò gun ju àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ rí ń ra bàtà tí a fi ń gun òkè yìnyín. Báàgì bo ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé wọn sétí, mo ń fi èékánná ha wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dún ṣàràṣàrà bí ewé gbígbẹ. Ọmọbìnrin tó ń tajà wò mí títí.

"Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́."

"Ohùn báàgì?"

Ọ̀gá mi dá sí i. "Fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdẹ ẹfọ̀n nìyẹn." Orí mi wú.

Mo rí i. Báàgì kékeré kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti ń rọ, aṣọ rẹ̀ nípọn, ó rọ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bọ́tìnnì ló fi ń padé, kò ní síìpù tó ń kọ mànà. Mo gbé e kọ́, mo na apá. Kò dí mi lọ́wọ́. Mo ní, "Èyí ni, sà."

Ọ̀gá gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ojú mi mọ nǹkan. Ó wá na ọwọ́ sókè, ó já òmíràn bọ́. "Ṣùgbọ́n tìrẹ nìyí." Irin wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbànú rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọ̀já bò ó lára lọ́tùn-ún lósì. Odidi ewúrẹ́ lè sùn nínú rẹ̀ kó tún na ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn òun ni, kí n má bá òun jiyàn. Kékeré tí mo yàn, òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Inú mi dùn pé àgbà gba ohun tí mo yàn. Ti ńlá ọ̀hún, mo wí fún ara mi pé ẹni tí a bá ra àpò ńlá fún, ẹran ńlá ni a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo gbé e kọ́ sórí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé kí òjò lè fọ òórùn ìsọ̀ lára rẹ̀. Mo já koríko, mo ń fi í ra á lára. Ìyàwó mi yọ sí mi pẹ̀lú abọ́ aṣọ tútù.

"Bàbá ọdẹ, ibo lẹ ní kí n sá aṣọ àwọn ọmọ sí?"

"Fún mi láàyè díẹ̀."

"Báàgì yìí mà ju ọdẹ lọ o. Ṣé bí ti bàbá yín ṣe rí nìyí?"

Mo sún báàgì sí ìkángun okùn kí ó lè rí àyè sá aṣọ. Nírọ̀lẹ́, mo pe bàbá mi, mo ṣàpèjúwe irin ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀já rẹ̀, bí ó ṣe gbòòrò tó. Mo sọ fún un pé ọ̀gá ló ra kékeré tí mo yàn. Ó wúkọ́ títí tí mo fi rò pé káàdì fóònù yóò tán.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ní kí o wá pa ni, àbí wọ́n ní kí o wá rù?"

"Bàbá, ìlú ibí yàtọ̀."

"Ẹran ibẹ̀ kò mọ̀ pé ó yàtọ̀."

Ìgbà ìwọ́wé dé, a bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ rí ẹran. Ojú bàbá mi ni mo gbé wá sílé ayé, ìyẹn nìkan ni ilé ìwé kò gbà lọ́wọ́ mi. N ó na ìka, ọ̀gá tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò yìn, n ó rù ú. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa ń gbóná. Ooru rẹ̀ á gba inú báàgì wọ ẹ̀yìn ènìyàn, bí ẹni pọn ọmọ. Bí mo bá bèèrè ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ọ̀gá á ní àwọn akọ́lé ń lé àgbẹ̀ náà kiri nítorí ilẹ̀, kí n jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Mo jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ẹnì kẹrin dé. Láti ọ́fíìsì òkè níbi iṣẹ́ wa ni, ọkọ̀ rẹ̀ tuntun, bàtà rẹ̀ tuntun, báàgì kékeré kan sì wà léjìká rẹ̀. Bébà nìkan ló ti yìnbọn sí rí. Bí a ṣe ń gòkè, ó ń sọ fún mi bí ìwé àṣẹ òun ṣe yá: "Ọ̀gá yín ló bá mi dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yẹn. Tíì la mu, ọ̀rọ̀ parí."

Mo ń gbọ́. Báàgì wà lẹ́yìn mi.

Akọ àgbọ̀nrín kan dúró sẹ́yìn igi, ìwo rẹ̀ pẹ̀ka bí igi tó ti wọ́wé. Èmi ni mo rí i. Mo na ìka kí n tó rántí pé n kò gbọdọ̀ nà án. Ọkùnrin náà yìn, ó bà á. Ọ̀gá ti ìka bọ ẹ̀jẹ̀, ó fi kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó ti di ọdẹ. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá bọ́ sẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já báàgì bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣí ìlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹran náà ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Mo ní, "Sà, àgbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Kò bínú. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ń yinni. "Bí ìwọ náà bá wá ń yìnbọn, ta ni yóò máa rù ú? Kò sẹ́ni tó ń rù ú bíi tìẹ."

Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà pè mí láti ilé. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwọn ọdẹ ti jókòó. Wọ́n ń ka àwọn tí yóò gbé àpò bàbá wọ igbó. Wọ́n ní kí n bi ọ́: kí la ó sọ pé o pa lọ́hùn-ún?"

Mo lè parọ́. Igbó ibí jìnnà, kò sí ẹni tí yóò wá wò ó. Mo rántí ooru gbogbo ẹran yẹn lẹ́yìn mi.

"N kò pa nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. A ó kà ọ́ mọ́ ará ilé."

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá wá bá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ ṣinṣin bí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀fọ̀, ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Mo dúpẹ́. Ó dúró díẹ̀, ó fi bàtà ra ilẹ̀.

"O ò ní lè wá ní Sátidé nìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n, ṣé o lè yá wa ní báàgì náà?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé e wá fún un níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Gbogbo irinṣẹ́ wọn ṣì wà nínú rẹ̀, okùn, ọ̀bẹ ìkunran, àgọ́ àti ṣọ́bìrì, gbogbo rẹ̀ ló ti ń sùn nílé mi. Mo gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Ó ṣí búùtù. Ó di ọ̀já kan mú, ó gbé e dé orúnkún, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gùlegùle. Ó wá gbójú sókè wò mí, bó ṣe máa ń wò mí lórí òkè, ó ń retí.

Ọwọ́ mi méjèèjì ti nà jáde kí n tó mọ̀. Mo kó wọn padà, mo kì wọ́n bọ àpò ṣòkòtò.

"Ẹ rọra, sà," ni mo wí, n kò sì yọ wọ́n.