Ikọ́ Méjì Lẹ́yìn Ògiri

Ìyá Ẹkùn ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ọkùnrin sì ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Apẹran, ẹni tó ń gé ẹran tí àwọn ẹranko ibùdó ń jẹ, ló fún un lórúkọ náà ní ọdún tí wọ́n gbé ọmọ ẹkùn méjì wá nínú páálí, akọ kan, abo kan, tí ojú wọn kò tíì là tán. Àwọn ọdẹ ti pa ìyá wọn. Ọkùnrin yìí ló fi fídà fún wọn ní mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Nígbà tí Apẹran rí i tó gbé fídà dání, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ẹkùn. Ṣé ọmú yín kò lómi ni?" Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò wúlò ní ibùdó mọ́.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìkẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣì í mọ̀. Ibùdó yẹn kì í ṣe ọgbà tí àwọn ènìyàn ti ń wá wo ẹranko. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ẹkùn aláìníyàá dàgbà ni, kí wọ́n lè dá a padà sínú igbó, ẹkùn tó bá sì fẹ́ràn ènìyàn kò lè pẹ́ nínú igbó. Yóò tọ ènìyàn lọ, ènìyàn yóò sì pa á. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti já ọmọ ẹkùn lẹ́nu fídà, wọ́n a ṣe é débi tí yóò fi gbàgbé pé ọwọ́ ènìyàn kan gbé òun rí.

Òfin mẹ́ta ni Dókítà, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó, fi ọ̀dà kọ sára ògiri ọ̀fíìsì. A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nítòsí wọn. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn kò gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń bọ́ wọn. Ìyá Ẹkùn a wọ àpò tí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹtu ra, kí ẹkùn má baà gbóòórùn ara rẹ̀. Ó máa ń rìn dé ẹ̀yìn ògiri búlọ́ọ̀kù, á gbé ẹran sínú àwo irin, á fi ọ̀pá tì í gba ihò ìsàlẹ̀ ògiri wọlé, á sì yí padà. Wákàtí oúnjẹ kì í jẹ́ ọ̀kan náà. Lónìí ó lè jẹ́ àárọ̀, lọ́la ọ̀sán, ní ọ̀tunla wọ́n lè fi ebi pa wọ́n mọ́jú. Dókítà ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ẹkùn má baà mọ ohun tó ń ṣáájú oúnjẹ.

Ohun kan ń ṣáájú oúnjẹ, Dókítà ni kò mọ̀.

Kí Ìyá Ẹkùn tó dé ibùdó, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ la pákó. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé nǹkan, ikọ́ a mú un, ikọ́ kúkúrú méjì, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í wo aago kí òun tó gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. Bí òun bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn láti ìkóríta, òun mọ̀ pé ó dé. Àbígbẹ̀yìn wọn a ti sáré dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà náà mọ̀ nípa ikọ́ ọ̀hún. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ràn. Ìbéèrè kan ló bi í: "Ṣé o ń wú u nídìí ògiri?"

"Rárá, mà. Mo máa ń gbé e mì."

Ìgbà tó sọ ọ́, ó rò pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo irin yẹn wúwo, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè tì í láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó wúkọ́, ó dúró díẹ̀ kó lè mí, ó sì yọjú wo ihò. Àwọn méjèèjì ti jókòó níwájú rẹ̀. Wọ́n kó ẹsẹ̀ iwájú jọ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, wọ́n tẹjú mọ́ ibi tí àwo máa gbà yọ. Ẹran ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níta. Ikọ́ ló pè wọ́n.

Ó yẹ kí ó lọ bá Dókítà ní wákàtí náà gan-an. Kò lọ. Inú rẹ̀ dùn, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ó ti gbé wọn lé itan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó di òórùn ìgbẹ́ lẹ́yìn ògiri, ìbànújẹ́ ìyẹn kò sì tíì tán lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí kò bá ti sí ènìyàn nítòsí, á lọ sẹ́yìn ògiri lọ́wọ́ òfo, á wúkọ́ méjì, á sì lóṣòó kó lè rí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀. Abo ló máa ń ṣáájú. Ikọ́ àìsàn ti di ikọ́ ìpè.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ oṣù ogún, ìdánwò dé. Abo ni yóò kọ́kọ́ lọ, Akọ yóò tẹ̀lé e ní àkókò òjò tó ń bọ̀. Ìdánwò náà kò le lójú ẹni tó ń wòran: àlejò mẹ́ta tí ẹkùn kò rí rí yóò gba ẹ̀gbẹ́ wáyà tó wà níwájú ọgbà wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹkùn bá sá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, igbó ni yóò lọ. Bí ó bá sún mọ́ ẹyọ ẹnìkan, àgò ni títí ọjọ́ ikú, nínú ọgbà ìlú níbi tí wọn yóò ti máa fi igi gún un kó lè bú ramúramù.

Òfin àìsọ̀rọ̀ de àwọn àlejò náà. Dókítà tilẹ̀ dá ẹnìkan padà lẹ́nu géètì nítorí pé ó ń wúkọ́. Àìsàn inú imú àti ọ̀fun ènìyàn lè pa ẹkùn. Ìyá Ẹkùn rí ọkùnrin náà tó ń padà lọ. Ó mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo tó lè dán Abo wò dáadáa nìyẹn.

Abo sá fún ẹni kìíní. Ó sá fún ẹni kejì. Nígbà tí ẹni kẹta dé, orí igi ló ti bá a. Ìyá Ẹkùn wà lẹ́yìn ògiri, ó fi aṣọ di ẹnu kí ikọ́ má baà jáde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí ọ̀fíìsì, Dókítà ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa ẹranko yìí tí kò sí nínú ìwé mi?"

Apẹran ní, "Ó fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ ju itan lọ, mà, bíi tèmi."

Ìyá Ẹkùn mi orí pé kò sí. Ó ronú nípa àgò àti igi tí wọ́n fi ń gún nǹkan. Ó sì tún sọ fún ara rẹ̀ pé ikọ́ òun ni Abo mọ̀, òun kò sì sí nínú igbó.

Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ Abo lọ́rùn, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ibi tó wà, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ìyá Ẹkùn a máa wá sí ọ̀fíìsì wo àmì pupa kan lójú kọ̀ǹpútà bí ó ti ń rìn lẹ́bàá odò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án Abo pa ẹtu. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógójì, àmì pupa dúró lójú kan. Ẹkùn tó bá pa ẹran ńlá lè dúró tì í fún ọjọ́ méjì, wọn kò sì kọ́kọ́ bẹ̀rù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí àmì náà kò sún, Dókítà mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní kí Ìyá Ẹkùn wọlé.

Oko kan létí igbó ni àmì náà mú wọn dé. Awọ Abo wà lára ògiri abà, wọ́n fi èèkàn nà án, inú rẹ̀ síta. Etí òsì tó ti ya láti kékeré ni Ìyá Ẹkùn fi dá a mọ̀. Àgbẹ̀ tó ni oko jáde wá, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ara rẹ̀ yá mọ́ àlejò.

"Ẹ má bínú, mà, mi ò mọ̀ pé ó ní olówó. Ìgbà tí mo ti pa á tán ni mo rí bẹ́líìtì. Mò ń sun pàǹtí oko, èéfín wọ̀ mí lọ́fun, mo wúkọ́. Kí n gbójú sókè, òun nìyí. Ó jókòó."

"Ó jókòó?" Dókítà bi í.

"Ó jókòó, mà. Ó kó ẹsẹ̀ jọ báyìí, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Mo fi àdá bù ú lọ́rùn, kò sá. Ìgbà tí mo bù ú lẹ́ẹ̀kejì ló tó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde." Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ ìyàwó mi gan-an ń sá fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó gbé bẹ́líìtì wá. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ìyá Ẹkùn gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń sọ bí wọ́n bá gbé nǹkan fún un.

Nínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bẹ́líìtì sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ikọ́ méjì jáde.

Dókítà pa ẹ́ńjìnnì. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹran, mà."

"Akọ ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì, mà."

"O mọ̀ ọ́n, mo bi ọ́, o mi orí."

"Ẹ lé mi lẹ́nu iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n lé ọ, kí o lọ sinmi sílé?" Ó tún ṣí ẹ́ńjìnnì. "Ikọ́ rẹ ló kọ́ akọ yẹn. Ikọ́ rẹ náà ni yóò gbà á lọ́wọ́ ohun tó kọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Dókítà ní kí ó bọ́ àpò kúrò lára, kí ó wá dúró nídìí wáyà, kí Akọ rí ojú rẹ̀. Ó fún un ní rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ àti garawa kan tí amọ̀ roboto gbígbẹ kún inú rẹ̀. Apẹran jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé páànù àti òòlù dání.

Ìyá Ẹkùn wúkọ́ méjì. Akọ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó rìn wá wọ́ọ́rọ́, ó jókòó níwájú rẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ jọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí ojú ẹni tó ń pè é. Ìyá Ẹkùn ta á. Amọ̀ bà á léjìká, Apẹran lu páànù, Akọ fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó padà wá jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Dókítà wí. "Imú ni kí o ta."

"Dókítà, mà, ẹ jẹ́ kí n—"

"Àgbẹ̀ yẹn kò lo amọ̀."

Ó ta á nímú. Apẹran lu páànù, ó ní, "Ìyá, ẹ rọra bá ọmọ wí." Ẹ̀rín ń pa á.

Wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ikọ́ kọ́kọ́, ìrora lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Akọ kò gbọ́n kíákíá. Fún ọjọ́ mẹ́wàá ó ń padà wá, imú rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ kan dí, ó ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà bóyá ẹran máa jáde lára rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ kẹfà, Apẹran kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ní ọwọ́ ń dun òun, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa lu páànù. Wọn kò wá ẹnìkankan dípò Ìyá Ẹkùn.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, mi ò gbọ́ yín ní ìkóríta láti ìjẹta. Omi yín kò tíì gbóná."

"Mo gbé e mì."

"Ṣé wọ́n ti ń gbé ikọ́ mì ni? Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Mo ti rí dókítà," ó ní, ó sì fa àwo mọ́ra.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ẹ̀rọ omi tó wà ní ìhà kejì ibùdó, ikọ́ mú un kó tó mọ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ó gbọ́ bí nǹkan ṣe kọlu wáyà gbà. Nígbà tó sáré débẹ̀, Akọ ti há ara rẹ̀ mọ́ igun tó jìnnà jù, ó ti tọ̀ sára, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Dókítà dé, ó wò ó, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé: ó dára.

Ní àkókò òjò, wọ́n gbé e dé etí igbó nínú àpótí pákó, wọ́n fi okùn fa ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè láti inú ọkọ̀. Akọ kò jáde. Ìdajì wákàtí kọjá. Ó lúgọ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ojú rẹ̀ ń dán nínú òkùnkùn ibẹ̀, ó ń wo igbó bí ẹni tó ń wo ilé onílé.

Dókítà yíjú sí Ìyá Ẹkùn. "Wúkọ́."

Ikọ́ tó máa ń dà á láàmú nígbà gbogbo kò wá. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rí i. Méjì péré ni. Akọ já jáde bí òkò, ó wọ inú koríko gíga, kò bojú wẹ̀yìn. Koríko náà mì títí dé ìsàlẹ̀ odò, ó sì dákẹ́.

Dókítà wo aago rẹ̀, ó kọ wákàtí sílẹ̀, ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Ìyá Ẹkùn gbé ojú sí fèrèsé. Ó tún wúkọ́ méjì, kò sì sí ẹni tó ní kí ó wú u. Kò sí ohun tó mì nínú koríko.